Òrùlé Ìloro Tuntun Lórí Truss Àtijọ́: Níbo Ni Ẹrù Máa Sọ̀ Sí?

Ohùn mẹ́rin tí mo fi sí gúrúùpù ní alẹ́ Sátidé nìyí. Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi.

Ohùn kìíní

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹni tí dátà rẹ̀ ò bá tó, kó dúró de èyí tí wọ́n bá kọ sílẹ̀.

Ìbéèrè tó wọlé lánàá ni mo fẹ́ dáhùn. Màmá wa kan ní apá Bukuru ló béèrè. Wọ́n ní ilé àwọn ti pé ọdún 23, bọ́ńgálò ni, òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Wọ́n ti mọ òpó méjì síwájú ilé, wọ́n fẹ́ kí ìloro ní òrùlé tirẹ̀ tó ṣóńṣó síwájú bíi ti àwọn ilé tuntun, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ inú òrùlé tó wà níbẹ̀. Káfíńtà ní ọjọ́ méjì lòun máa fi ṣe é. Ó ní òun á to rafter tuntun lé orí páànù àtijọ́, òun á kàn án mọ́lẹ̀, òun á fi páànù bò ó, ó parí. Màmá ní ṣé kí àwọn sanwó?

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Mi ò sọ pé káfíńtà yẹn ò mọṣẹ́ o. Ó lè mọ̀ ọ́n dáadáa tó bá jẹ́ ilé tuntun. Ṣùgbọ́n nínú ilé tuntun, ògiri ló ń gbé òrùlé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Níbi tiyín yìí, iwájú òrùlé tuntun á jókòó lórí òpó, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì jókòó lórí truss tí ẹnì kan kàn ní ọdún 23 sẹ́yìn, tí kò ní i lọ́kàn pé nǹkan mìíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn páànù. Ohun tó yẹ kí ẹ bi káfíńtà kì í ṣe "ọjọ́ mélòó?" Ẹ bi í pé: "Níbo ni ẹrù máa sọ̀ sí?" Tó bá fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó dájú, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Tó bá ní "kò sí wàhálà, igi yẹn lágbára", ẹ ní kó dúró ná.

Fún àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ igi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí truss ṣe rí. Ẹ gbé àkàbà sí ihò àjà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Igi onígun mẹ́ta ńlá ńlá lẹ máa rí, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, tí wọ́n sábà máa ń jìnnà síra ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4. Igi méjì tó dà gẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì ni rafter. Èyí tó dùbúlẹ̀ láti orí ògiri kan dé orí ògiri kejì ni tie beam. Èyí tó wà lóòró láàárín ni king post. Àwọn kéékèèké tó fì sí ẹ̀gbẹ́ ni strut. Àwọn tó ń sá kọjá lórí rafter, tí a ń kan páànù mọ́, ni purlin.

Nínú onígun mẹ́ta yẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ mú igi mẹ́rin, ẹ fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kàn wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tì í: á wọ́. Ẹ mú mẹ́ta, ẹ kàn wọ́n pọ̀, ẹ tì í títí: kò ní wọ́ àfi tí igi bá ṣẹ́ tàbí tí ìṣó bá yọ. Rafter méjèèjì fẹ́ là sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Tie beam ló so ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Ẹni tó bá gé tie beam, rafter á bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí ògiri síta. King post ńkọ́? Tí ẹ bá wò ó, ẹ máa rò pé òpó ni, pé ó ń gbé ṣóńṣó òrùlé sókè. Rárá o. Ṣe ló so rọ̀ láti òkè, ó sì fa tie beam mọ́ra kó má baà tẹ̀ láàárín. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn tí mo bá gun àjà tí mo rí i pé ẹnì kan ti gé king post kí táńkì omi lè ráyè jókòó.

Ibi tí àwọn igi yìí ti pàdé, ẹ jẹ́ ká pè é ní oríkèé truss. Oríkèé ló lágbára. Àárín oríkèé méjì ló rọ̀. Ẹ gbé pákó lé búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ dúró lọ́gangan ibi tí búlọ́ọ̀kù wà, kò sí nǹkan kan. Ẹ rìn dé àárín, pákó á tẹ̀. Truss ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn kejì

Ẹ̀gbọ́n kan ti fèsì pé páànù aluminium ò wúwo, kí ni mo ń pariwo lé lórí. Òótọ́ ni, páànù ò wúwo. Èyí tó nípọn ní 0.55 mm, tó fẹ̀ ní mítà kan lóòró àti mítà kan níbùú, kò wúwo ju kílò kan àbọ̀ sí méjì lọ. Igi ló wúwo. 2×4 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó bá jẹ́ igi líle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìlàgi dé tí omi ṣì wà lára rẹ̀, lè tó kílò 14 tàbí 15. Tí iṣẹ́ yín bá gba 20 irú rẹ̀, kílò 300 lẹ ti gbé sókè kí ẹ tó rántí páànù. Àwọn ọmọṣẹ́ náà ní ìwúwo tiwọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n kó gbogbo igi jọ sórí òrùlé àtijọ́ lójú kan, tí ọkùnrin mẹ́rin tún jókòó tì í, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Ìyẹn nìkan lè jẹ́ ẹrù tó tíì wúwo jù tí truss yẹn gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Ẹ jẹ́ kí igi wà nílẹ̀, kí wọ́n máa gbé e gòkè ní méjì méjì.

Ṣùgbọ́n lórí òkè Jos tí a wà yìí, ẹ̀fúùfù ni mo bẹ̀rù ju ìwúwo lọ. Ìjì tó bá ń sáré ní kìlómítà 108 láàárín wákàtí kan, tó sì kọlu nǹkan gbalasa, agbára tó fi ń tì í tó kílò 55 lórí mítà kan lóòró àti mítà kan níbùú. Ìloro tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10 tó nǹkan bíi 11 irú mítà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ó lé ní kílò 600. Ìloro sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́. Afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, á ti òrùlé sókè, èyí tó ń kọjá lórí rẹ̀ á tún máa fà á sókè. Igi àti páànù tí ẹ kó síbẹ̀ lè má wúwo tó ìyẹn. Òrùlé tí a rò pé ìwúwo rẹ̀ á mú un jókòó, fífò ló fẹ́ fò.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé kan lẹ́yìn ìjì oṣù kẹrin, àwọn ìjì tó máa ń ṣáájú òjò yẹn. Ìloro ni ẹ̀fúùfù kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kàn án pọ̀ mọ́ purlin òrùlé ilé, kò sì sí ohun tó dè é mọ́ òpó níwájú àfi ìṣó. Nígbà tó ń lọ, ó fa purlin mẹ́ta àti gbogbo páànù orí pálọ̀ dání. Pálọ̀ di ìta gbangba lóru. Yàrá kejì ni àwọn ọmọ sùn, ọpẹ́ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí a bá kan ìloro mọ́ ilé láìdè é mọ́lẹ̀, ìloro ti di ọwọ́ tí ìjì máa fi di òrùlé ilé mú.

Ohùn kẹta

Ó dáa, báwo la ṣe ń ṣe é?

Inú àjà la ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí páànù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti skrúdíráfà. Ẹ fi ẹnu skrúdíráfà gún ẹsẹ̀ rafter níbi tó ti jókòó lórí ògiri, ẹ gún wall plate náà. Tó bá wọlé gbọnrangandan bí ẹni ń gún ẹ̀bà, ikán ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti jẹrà. Ẹ wo ibi tí igi ti dúdú: omi ti ń wọlé níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti gé strut tàbí king post rí. Tí truss mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìloro máa kàn ò bá sàn, ẹ tún wọn ṣe ná. Kò sí bí a ṣe lè gbé ọmọ tuntun lé ìyá tó ń ṣàìsàn lẹ́yìn.

Ohun kejì, tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ: ẹ ṣe é kí òrùlé àtijọ́ má gbé ju ìwọ̀nba lọ. Láti orí òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà da bíìmù onírọ́ọ̀dù padà wá sí ara ògiri ilé, kó jókòó lórí ògiri gan-an. Kì í ṣe fáṣíà bọ́ọ̀dù o! Mo ti rí ibi tí wọ́n kan ẹ̀yìn ìloro mọ́ fáṣíà. Fáṣíà ò gbé nǹkan kan, ẹ̀ṣọ́ ni. Tí bíìmù méjèèjì bá wà, truss tuntun tó bo ìloro á jókòó lórí wọn pátápátá bí ilé tuntun. Ohun tó kù tí òrùlé àtijọ́ máa gbé ni ìrù kékeré onígun mẹ́ta tó gùn wọ ẹ̀yìn.

Ìrù yẹn kéré tó báwo? Ẹ jẹ́ ká fi okùn wọ̀n ọ́n. Ká ní ìloro fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 6. Ká ní òrùlé àtijọ́ ń ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1 fún 2 tó bá wọlé, tí ẹ sì fún tuntun ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà. Ṣóńṣó tuntun á ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ju etí òrùlé lọ. Níbo ni òrùlé àtijọ́ ti ga ní 3? Tó bá wọlé ní 6. Ibẹ̀ ni ṣóńṣó tuntun máa ti kan òrùlé ilé. Ìrù náà fẹ̀ ní 12 ní ìdí, ó gùn ní 6, ó parí.

Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá fẹ́ràn kí ìloro ga fíofío kí wọ́n lè rí i láti títì. Tí ẹ bá fún un ní ìdàgẹ̀rẹ̀ 45, ṣóńṣó rẹ̀ á ga ní 6, ó sì máa wọ ẹ̀yìn ní 12 kó tó kan òrùlé ilé. Ìrù ti di ìlọ́po méjì, ó ti dé orí pálọ̀. Tí òrùlé ilé bá tún jẹ́ èyí tó tẹ́, tó ń ga ní 1 fún 4, ìloro á ga ju ṣóńṣó ilé fúnra rẹ̀ lọ, kò sì ní ríbi jókòó. Ní tèmi o, ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà pẹ̀lú ilé ló dára jù, ó sì tún lẹ́wà.

Báyìí, páànù àtijọ́. Ẹ yọ ọ́ níbi tí ìrù máa jókòó lé. Kíkan rafter lórí páànù, bí káfíńtà Màmá ṣe sọ, burú lọ́nà púpọ̀: ìṣó ò ní mọ ibi tí igi wà lábẹ́, igi á jókòó lórí àwọn ibi tó yọ sókè lára páànù, á tẹ̀ wọ́n rọ́, ihò ìṣó kọ̀ọ̀kan á sì di ẹnu ọ̀nà omi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí títí àjà máa fi já. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ páànù, ẹ má yọ purlin. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Purlin kì í ṣe ibi ìkan páànù nìkan. Òun ló di truss mú kó má ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí rafter má sì tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá tú purlin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí iṣẹ́ lè yá, ó ti tú okùn tó so àwọn truss pọ̀.

Pákó gbẹrẹgẹdẹ kọ̀ọ̀kan, 2×8 tẹ́ ẹ bá rí i, lẹ máa tẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, láti etí òrùlé lọ pàdé níbi tí ṣóńṣó tuntun ti kan òrùlé ilé. Orí pákó yìí ni àwọn rafter kéékèèké tuntun máa fi ẹsẹ̀ lé. Iṣẹ́ pákó ni láti pín ẹrù fún truss púpọ̀, kó má sọ̀ sórí ọ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n purlin ga ju rafter lọ ní ínǹṣì méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà purlin nìkan ni pákó máa kàn. Ní gbogbo ibi tí pákó bá ti kọjá lórí rafter àtijọ́, ẹ gé igi kékeré tó nípọn tó purlin, ẹ kì í sí abẹ́ pákó, kẹ́ ẹ sì kan pákó wọ rafter níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọ̀pọ̀ ò kì í ṣe é.

Ẹ̀yìn ṣóńṣó tuntun ò ní bọ́ sórí truss gẹ́lẹ́, ó sábà máa ń bọ́ sí àárín méjì. Ẹ fi 2×6 dábùú láti ara truss kan sí èkejì, níbi tó bá sún mọ́ oríkèé jù lọ, kí ṣóńṣó jókòó lé e. Àwọn rafter àtijọ́ tó máa gbé ẹrù yìí, ẹ fi igi kejì gbè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti orí ògiri títí dé òkè, ẹ fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàkiri. Ẹ má ri òpó lórí tie beam láti fi gbé òkè dúró. Tie beam tí ẹ gbé òpó lé láàárín ló máa tẹ̀, á sì tẹ àjà yín lọ sísàlẹ̀.

Tó bá di pé ẹ gbọ́dọ̀ gé igi truss kankan, tie beam, king post, ohunkóhun, ìyẹn ti kọjá ọwọ́ káfíńtà, témi náà wà nínú rẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà. Owó tó máa gbà kò tó owó àjà tuntun.

Nípa igi: tí ẹ bá dé Katako, ẹ mú téèpù dání. 2×4 ọjà kì í sábà pé 2×4. Ẹ má sì ra èyí tí omi ń ṣẹ́ lára rẹ̀, torí bó bá gbẹ, á súnkì, ìṣó á tú. Ẹ fi Solignum kùn ún kí ẹ tó gbé e gòkè, pàápàá níbi tí ẹ bá ti gé e.

Ohùn kẹrin

Ó ku dídè àti omi.

Dídè: kí bíríkìlà tó da bíìmù orí òpó, ẹ ní kó fi rọ́ọ̀dù sílẹ̀ kó yọ sókè, ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4 síra wọn. Rọ́ọ̀dù yìí lẹ máa tẹ̀ bo wall plate mọ́lẹ̀. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ so truss mọ́ wall plate, ẹ kan ìṣó irin náà láti ẹ̀gbẹ́. Ìṣó tí a kàn láti òkè tàbí tí a kàn wọ ẹnu ibi tí a ti gé igi, ìjì lè fà á yọ bí ẹni ń fa ẹ̀gún. Ìṣó tó gba ẹ̀gbẹ́ igi wọlé, ìjì gbọ́dọ̀ gé e kó tó lọ. Màmá, ẹ̀yin ti mọ òpó tán, ẹ wò ó bóyá rọ́ọ̀dù yọ lórí wọn. Tí kò bá yọ, a ṣì lè lo bóòtù, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé igi dé.

Omi: ibi tí òrùlé méjèèjì ti pàdé lápá ìsàlẹ̀ ni valley, òun ni mo máa kọ́kọ́ wò ní ilé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìloro òun ń jò. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, ibẹ̀ sì ni eji ti máa ń rí wa. Omi òrùlé ilé ń dà síbẹ̀, omi ìloro ń dà síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé valley máa ń tẹ́ ju òrùlé méjèèjì lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, òrùlé ń ga ní 1 fún 2, ṣùgbọ́n valley tó gba ìkọ̀rọ̀ lọ ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 àbọ̀ kó tó ga ní 3. Omi tó pọ̀ jù, lójú ọ̀nà tó tẹ́ jù.

Nítorí náà ẹ tẹ́ páànù gbẹrẹgẹdẹ sínú valley, èyí tí kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, kí páànù ọ̀tún àti òsì bò ó mọ́lẹ̀ ní ínǹṣì 6 ó kéré tán. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín kí ewé àti ìdọ̀tí lè bá omi lọ. Ìṣó kankan kò gbọ́dọ̀ wọ àárín rẹ̀. Tó bá gùn tó fi ní ojú ìdàpọ̀, ti òkè ló ń bo ti ìsàlẹ̀. Lára páànù tó kù, orí ibi tó yọ sókè la ń kan ìṣó sí, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Tí páànù ilé bá ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ àwọn tó yí valley ká. Aluminium tuntun tó bá dùbúlẹ̀ ti irin tó ti dípẹtà, tí omi sì wà láàárín wọn, aluminium ló máa jẹ. Símẹ́ǹtì tútù náà ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì dí etí rẹ̀ bó ṣe wù kó ṣe ileri tó.

Ìgbà wo? Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Òjò Jos á ti lọ, ẹ lè ṣí òrùlé fún ọjọ́ mẹ́ta láìfòyà. Màmá, tí káfíńtà yín bá gbọ́ gbogbo èyí tó sì ní ọjọ́ mẹ́fà ni, ó ti ń gbọ́ràn nìyẹn. Ẹ fún un níṣẹ́. Kó tó kan àjà ìloro pa, ẹ dúró de òjò ńlá kan, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan fi hóòsì da omi sórí valley fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó béèrè nípa òrùlé tó fara pamọ́ sẹ́yìn párápẹ́ẹ̀tì, mo rí ìbéèrè yín. Ìyẹn nílò alẹ́ tirẹ̀. Ẹ kú oorun.